Ọmọlúàbí Orí Bẹ́ǹṣì Eyín

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ojo ṣe ń múra jáde, ì bá wá sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ tí dókítà eyín máa ń wá, láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò lára Àríwá tí a di ìpínlẹ̀ tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọkọ̀ ìjọba ń gbé e wá láti Ìlọrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bẹ́ǹṣì ti kún. Ará Òmùpo ń bẹ níbẹ̀, ará Òrò-Àgọ́ ti fi ọ̀nà gbágungbàgun jìyà dé, olúkúlùkù fọwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ó rò pé wọ́n ti ṣe tán. Ẹ má tíì rò ó! Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ wọlé kó sì ké “yéè” ẹyọ kan, ẹ ó rí bí ìtọ̀ ṣe máa gbọ̀n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní àwọn ń lọ sẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn ilé yẹn ni wọ́n máa gbà dé abúlé. Nígbà tó bá fi di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún ti dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wú bí búrẹ́dì. A gba òmìnira lọ́wọ́ Òyìnbó, a gba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Tíṣà Ignatius Bámigbóyè kì í sá ní tirẹ̀. Ohun tí Rhoda ìyàwó rẹ̀ fi ń yangàn nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé ìjọ ni Tíṣà, òun náà ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn rẹ̀ á sì máa dún ròkè. Kò lówó, kò kọ́lé. Àwọn àbúrò Rhoda fẹ́ oníṣòwò ní Èkó, bí wọ́n bá wá sílé fún ayẹyẹ, wọ́n á máa wo páànù ilé rẹ̀ bíi pé yóò já lé wọn lórí. Rhoda kì í bá wọn jà. Yóò kàn sọ fún wọn pé owó a máa tán, pé ìwà lòun fẹ́ ní tòun. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi dá wọn lóhùn láyé, orí ìwà ọkọ rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé.

Ẹ wá gbọ́ bí ìwà náà ṣe rí. Eyín ọ̀kán Tíṣà kan ti lu ihò. Bí dókítà bá ti ń bọ̀, Tíṣà á dé kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀, á gba nọ́ńbà, á jókòó síwájú. Bí Nọ́ọ̀sì Fulera bá wá pe nọ́ńbà rẹ̀, á dìde, á tún fìlà ṣe, á sì bojú wo bẹ́ǹṣì látòkè délẹ̀ títí tójú rẹ̀ á fi bá ẹni tó dàgbà jù ú. Á ní òun ò lè ṣíwájú àgbà, kí bàbá kọ́kọ́ wọlé ná. Bí bàbá bá jáde, á tún rí màmá kan. Àwọn èèyàn á máa kí i, wọ́n á ní ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyí, wọ́n á ní irú rẹ̀ ti wọ́n láyé òde òní. Nígbà tí àgbà bá fi máa tán lórí bẹ́ǹṣì, dókítà ti ń fọwọ́, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Tíṣà á bọ dókítà lọ́wọ́, á ní ó tún doṣù tó ń bọ̀, á sì gbé eyín rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá.

Ó lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe báyìí, kò pa oṣù kan jẹ. Bó bá ṣe pé wíwá nìkan ló ń wo eyín sàn, eyín Tíṣà ì bá máa dán ju ti ajá lọ.

Rhoda ló ń se omi oníyọ̀ fún un, tó ń gún kànáfùrù sí ihò eyín rẹ̀. Ẹ̀kọ lásán ni Tíṣà ń mu, kò lè jẹ ẹran mọ́. Bó bá ń kérora, àánú rẹ̀ á ṣe Rhoda, orí rẹ̀ á sì tún wú. Ó rò pé nítorí àwọn àgbà ni ọkọ òun fi ń jẹ̀rora. Ó ń kí i pé ẹ kú sùúrù, Bàbá Lucy. Kó má gbọ́ pé òpònú ni mo pè é! Àmọ́ kí n má parọ́, ìfẹ́ ti fọ́ ẹni tó gbọ́n jù ú lọ lójú.

Nígbà tó yá, eyín Rhoda náà bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ, wọ́n jókòó pa pọ̀. Nọ́ńbà Rhoda ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kó tó dìde, Tíṣà ti rọra yọ páálí nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí bàbá kan tó ti Òmùpo wá, ó sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ìyàwó òun náà nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rhoda fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò dùn ún rẹ́rìn-ín. Oṣù kejì, bákan náà. Ta ni kò mọ ìdí rẹ̀? Bí ìyàwó bá wọlé tó sì jáde láàyè, kí ni ọkọ fẹ́ wí lọ́jọ́ tó kù?

Rhoda nìkan ni kò fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn, nígbà tẹ́nìkan ké nínú yàrá, bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Rhoda wo ọ̀tún, ó wòsì, ó ń wá ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n. Itan ọkọ rẹ̀ ni. Ó yára gbójú kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni èrò kan ti ń yọjú sí i, òun náà sì ń lé e bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo. Èrò náà á lọ, á tún padà.

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Ìyá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, Ìyá Àyìsátù ará Òrò-Àgọ́, ó gun ọkọ̀ oníṣu wá, ó fi gèlè di àgbọ̀n, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gba àyè lọ́wọ́ Tíṣà rí. Wọ́n pe nọ́ńbà Tíṣà. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe, ó kọjú sí ìyá, ó ní kí màmá máa wọlé ná, òun ọmọ wọn á dúró. Àwọn onípàtẹ́wọ́ ti ń gbọ́wọ́ sókè.

Ìyá Àyìsátù ò dìde. Ó bi í bóyá nítorí àgbà ló ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fóun. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ta lòun tóun máa ṣíwájú ìyá òun. Ìyá tún bi í pé bí àgbà bá wá rán an níṣẹ́ ńkọ́, ṣé yóò jẹ́ ẹ? Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ àgbà kẹ̀, eré lòun máa fi jẹ́ ẹ.

“Ó dáa,” ni Ìyá Àyìsátù wí. “Mo bí ẹni tó jù ọ́ lọ. Èmi ni mo rán ọ. Wọlé.”

Àwọn onípàtẹ́wọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Rhoda gbàdúrà nínú pé, Olúwa, jẹ́ kó wọlé, ẹsẹ̀ mélòó ni. Bó bá wọlé, á jẹ́ pé èṣù ló ń fi gbogbo èrò burúkú yẹn sí òun lọ́kàn, òun á sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ọkọ òun. Ó wo ojú Tíṣà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Lẹ́yìn náà ló wí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni, àwọn tó ń yẹ ilé ìwé wò lè ti dé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀fíìsì òun ní títì.

Ilé ìwé ti gba ìsinmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀, ọmọ wọn ló wà nílé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba ojú ọ̀nà lọ, ó ń yára bí ẹni òjò ń lé. Kò ní kí Rhoda máa bọ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún Rhoda. Wọn ò rín. Wọ́n ń wò ó tàánútàánú, àwọn tó ti ń fi ọkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ wọn. Ojú tì í débi tó fi dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ó rántí omi oníyọ̀ tó ti sè, ó rántí oṣù méjì tó fi eyín tirẹ̀ jẹ̀rora nítorí kí ojo má baà tẹ́, inú sì bí i débi tí omijé ò fi lè jáde.

“Ọmọ mi,” ni Ìyá Àyìsátù wí fún un jẹ́jẹ́, “ìwọ kọ́ ni mo bá wí. Ṣé ó ń dùn ọ́?”

“Ó ń dùn mí, Ìyá.”

“Lọ yọ ọ́.”

Rhoda dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni bóyá ó dàgbà tàbí kò dàgbà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Nọ́ọ̀sì Fulera mú bírò láti kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì. Kò tiẹ̀ béèrè, ó ti ń kọ Ìyáàfin Bámigbóyè lọ. Rhoda gbé ọwọ́ lé káàdì náà.

“Rhoda Ọláìyá,” ló wí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ní Òwu-Ìsin ni, kò tíì jẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fulera rò pé ìrora ló ń dà á láàmú. Rhoda tún orúkọ náà pè, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí i kọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga, ó sì la ẹnu.