Òjìji Tí Mo Fi Èédú Yà

Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ mọ́kànlá tí à ń tọ́jú ní àgbàlá kan ní Kokomlemle, ní ìlú àwọn Gã, nígbà náà, àti ti ìyá wọn. N kò ní í kọ ọ̀kankan síbí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ pè mọ́.

Ọdún òmìnira tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè ni. Àwọn ìyá wọn ń ta aṣọ ní ọjà Makola, wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ fún wa láàárọ̀, ọlọ́dún méjì pẹ̀lú ọlọ́dún mẹ́fà, gbogbo wọn lójú kan. Tíṣà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin Gã tó gbọ́ Yorùbá, ri igi mọ́lẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn gígùn òjìji igi náà láàárọ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Àwọn tó dàgbà ṣe é. Àwọn kékeré fa igi tu, wọ́n ń jẹ okùn.

"Ẹ wo àwọn ọmọ Alata," ni tíṣà wí; bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gã ń pe àwa Yorùbá. "Oúnjẹ ni ìwé lójú wọn."

Èmi tí n kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn jẹ́ igi."

Mo mú wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi èédú ya òjìji wọn sórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tó di ọ̀sán, a dá wọn padà sójú kan náà. Òjìji ti kúrú.

"Ta ló jẹ orí mi?" ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi bèèrè. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa kọ ọgbọ́n yìí sínú ìwé òun. Ọmọ náà bá dùbúlẹ̀ sínú àwòrán èédú náà, ó ń wá ibi tó kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dàgbà na okùn lé e láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ mi, ìyá ọmọ tó dùbúlẹ̀, ṣe wọlé nìyẹn, tòun ti ẹrù aṣọ lórí.

"O ti di káfíńtà?" ló bi mí. "Òkú ni wọ́n ń wọ̀n báyẹn."

Mo wojú tíṣà.

"Àǹtí yìí ló yà á," ni tíṣà wí. "Kì í ṣe èmi."

Oṣù yẹn kò tíì parí tí ibà fi pa ọmọ náà. Ibà ń pa ọmọ kiri ìgboro, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ dàgbà ní àdúgbò Sabon Zongo, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Má fi ẹnu rẹ pe orúkọ ọmọ mi mọ́ láé."

Àwọn ìyá kó ọmọ wọn lọ. Mo fi kànìnkànìn fọ sìmẹ́ńtì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, èmi nìkan. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé tíṣà ń kọ́ àwọn tíṣà mìíràn ní eré òjìji, pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ọdún yẹn wá ni mo ti pa òfin ọ̀rẹ́ mi mọ́. Bí a bá pàdé lọ́jà, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń retí pé lọ́jọ́ kan òun fúnra rẹ̀ á pe orúkọ náà lójú mi, kí n lè dá a lóhùn.

Wọ́n sin ọ̀rẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo pe orúkọ ọmọ náà sókè, torí kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́kun mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀.