Ògiri Ìlà-Oòrùn Ilé Atọ́nà

Ilé kan wà ní Kàbà tí ògiri rẹ̀ mẹ́ta tínrín, tí ẹ̀kẹrin sì nípọn gan-an. Àgbàdo ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ìwòyí á ní ẹni tó mọ ọ́n kò mọ ìwọ̀n. Wọ́n ń parọ́, inú sì máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn Atọ́nà nìyẹn. Lájídé ará Ògìdì ló mọ ọ́n, ìtòsí mi ló sì ń gbé.

Ṣé ẹ rí Lájídé yìí, kò sí iṣẹ́ tó mọ̀ ju ilé mímọ lọ. Sùúrù ni olórí iṣẹ́ náà. Bó bá mọ ìpele ògiri kan, á fi í sílẹ̀ kí oòrùn fa omi inú rẹ̀ tán kó tó gbé òmíràn lé e. Bí onílé bá ń kán an lójú, á jókòó sábẹ́ igi, á máa jẹ obì, á ní, "Ẹ lọ bá oòrùn sọ̀rọ̀." Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Rachel nìkan lọmọ tó fi sílẹ̀ fún un, ọmọ náà sì ń parí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìsánlú.

Lọ́dún 1955, Ọ̀gbẹ́ni Babátọ́pẹ́, tíṣà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù. Ó bẹ Lájídé níṣẹ́ ilé tí yóò gbé e sí. Ó ní òun á máa tẹ ìwé ìròyìn ní Kàbà, òun á sì gba Rachel síṣẹ́ láti máa to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá parí kí Kérésì tó dé, Lọ́kọ́ja lòun á gbé ẹ̀rọ náà lọ, Rachel á sì bá a lọ.

Lájídé lọ po amọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tó ti wà nílé ìwé lẹ́yìn odi láti kékeré, ṣé yóò tún lọ ni? Lọ́tẹ̀ yìí, kò jókòó sábẹ́ igi kankan. Nígbà tó kan ògiri ìlà-oòrùn, ó gbé ìpele tuntun lé èyí tó ṣì tutù. Ó rẹ́ ẹ, ó dán, gbogbo ìlú sì yìn ín.

Rachel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó to orúkọ bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó mú un wá fún un. Lájídé kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lẹ bébà náà mọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi dá orúkọ náà mọ̀ níbikíbi.

Òjò dé. Ògiri ìlà-oòrùn là tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn ibi tí Rachel máa ń dúró sí gan-an. A máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ti Lájídé kọjá aláǹgbá. Láràárọ̀ ló ń bu amọ̀ sínú igbá, tó ń lọ dí ojú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Rachel ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì kí i bí a ṣe ń kí ara wa níbí.

"Òkun o, bàbá. Kí lẹ ń rẹ́?"

"Òkun, ọmọ mi. Ihò ikán ni."

Bí ẹ̀rọ bá ti ń lọ, ògiri á máa gbọ̀n. Lájídé á wá jókòó níta, á fi ẹ̀yìn ti ògiri náà, a sì rò pé ó ń gbatẹ́gùn ni. Ẹ̀rù ń bà á. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, Rachel sì di ará Lọ́kọ́ja. Bó bá dákẹ́, ògiri wà lórí ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù keje, ojú ọ̀run ṣú. Wọ́n ń tẹ ìwé lọ, nítorí lọ́rì tó máa gbé e lọ sí Odò-Ẹrẹ̀ ti ń dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀. Lájídé sáré dé, ó fi ọwọ́ kan ògiri, amọ̀ sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Rachel, jáde!"

"Bàbá, ó ku ojú ìwé kan."

"Jáde! Ògiri yìí ò dáa! Èmi ni mo mọ ọ́n, mo mọ̀ pé kò dáa!"

Babátọ́pẹ́ pa ẹ̀rọ. "Lájídé, kí lo sọ?"

"Mo kánjú, ọ̀gá. Tútù lórí tútù ni mo mọ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!"

Ó wọ Rachel lọ́wọ́ jáde. Gbogbo wọn dúró sínú òjò ní òdìkejì ọ̀nà, ògiri kò sì wó. Babátọ́pẹ́ pòṣé, ó ní òun á lọ kó ìwé òun. Ó ti gbẹ́sẹ̀ nígbà tí ògiri ya lulẹ̀, tó bo ibi tí Rachel ń dúró sí mọ́lẹ̀ pátápátá. Lájídé jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tẹ ìwé tó tẹ̀lé e. Rachel mú un wá sílé, ó kà á fún bàbá rẹ̀: "Ògiri ilé Atọ́nà wó nítorí pé ẹni tí ó mọ ọ́n kánjú."

Lájídé gba ìwé náà, ó sì fi ìka sójú kan. "Orúkọ mi rèé. O fò ó."

Omi bọ́ lójú Rachel. "Ọ̀gá ló ní kí n fi sí i."

"Ta ló tò ó?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kà á tán."

Ó kà á tán.

Kí oṣù tó parí, Babátọ́pẹ́ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, Rachel sì bá a lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Lájídé pa dà sídìí ògiri náà láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó mọ ọ́n ní ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Bó bá mọ ìpele kan, á jókòó sábẹ́ igi, á máa jẹ obì, á máa wo oòrùn. Mo bi í léèrè ta ló ń mọ ọ́n fún, nígbà tí ẹ̀rọ ti lọ.

Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. "Bí Rachel bá dé ńkọ́?"