Ta Ló Ń Mu Sìgá Nílé Kínáwì?

Ọjọ́ tí àwọn dókítà yunifásítì wá sí abúlé ni Kínáwì kọ́kọ́ fura sí ìyàwó rẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, àwọn ẹlòmíràn ló máa ń fura sí. Ó fura sí ẹni tó ń wọn ìrèké nílé iṣẹ́ ṣúgà, ó fura sí ẹni tó ń ta epo fún katakata, ó sì fura gidigidi sí Ìyá Jábìr, aládùúgbò rẹ̀ tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Badríyà, ìyá Hamdán ọmọ rẹ̀? Kò fura sí i rí.

Kì í ṣe pé Kínáwì burú. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi ẹnu dídùn gba ilẹ̀ ogún wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, láti ìgbà náà ni kì í ti í gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó bá fojú ara rẹ̀ rí. Ní apá ibi tí wọ́n ń gbé ní Kénà, lẹ́bàá odò Náílì, iṣẹ́ ìrèké ni gbogbo ayé ń ṣe. Kínáwì ń gé e, ó ń dì í sẹ́yìn ràkúnmí, ó ń kó o lọ síbi tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń gbé e. Tó bá dalẹ́, yóò jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onítíì, yóò fa gósà, ìkòkò tábà olómi tó ti ń fà kó tó hu irùngbọ̀n.

Ikọ́ ti ń yọ Badríyà lẹ́nu láti bí ọdún mélòó kan. Tó bá gbé omi gun àtẹ̀gùn lọ sí òrùlé, àárín ọ̀nà ni yóò ti dúró, tí yóò máa mí hẹlẹ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn dókítà to tábìlì sí ọgbà ilé ìwé láti yẹ èémí àwọn ará abúlé wò, ó lọ tò. Àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá wà lápá ọ̀tún, àwọn tí kì í mu ún àti gbogbo obìnrin wà lápá òsì. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń fẹ́ èémí sí. Badríyà fẹ́ ẹ. Dókítà Nermín, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, wo ẹ̀rọ, ó wo ojú Badríyà, ó tún padà wo ẹ̀rọ.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Sìgá yìí, ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Badríyà fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ó sì gba ilé lọ láìdágbére.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ṣọ́ọ̀bù onítíì. Kàláfù, tí òun àti Kínáwì jọ ń di ìrèké, ló kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀.

"Kínáwì, ṣé inú páálí tìẹ ni Ìyá Hamdán ti ń mú sìgá ni, àbí ó ní oníbàárà tiẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kínáwì ò rẹ́rìn-ín. Lábúlé yẹn, ọkùnrin lè mu sìgá títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi pọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń mu ún níkọ̀kọ̀, ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí.

Nígbà tó délé, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Hamdán, gbọ́wọ́ rẹ wá."

Badríyà na ọwọ́ sí i. Kínáwì gbóòórùn ìka rẹ̀, ó gbóòórùn apá aṣọ rẹ̀.

"Èéfín nìyí."

"Bàbá Hamdán, ìdí ààrò ni mo wà látìgbà tí mo ti dé. Kí lẹ fẹ́ kí n máa rùn, lọ́fínńdà?"

Hájà Zanúbà, ìyá Kínáwì, gbọ́ láti orí ibùsùn rẹ̀. "Má jẹ́ kó fi ààrò tàn ọ́ jẹ o. Èmi tí mo yan búrẹ́dì nílé ààrò yẹn títí eyín mi fi ká, ta ló gbọ́ ikọ́ mi rí? Nǹkan mìíràn ló ń mu."

"Ìyá," ni Badríyà wí, "mo rí yín láàárọ̀ yìí tí ẹ̀yin àti dókítà yẹn fẹnu kora lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Kí lẹ sọ fún un?"

"Orúnkún mi ni mo sọ fún un! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí!"

Kínáwì kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n Badríyà pé kí wọ́n wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Tí òun bá rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n máa mú àbúrò wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá dókítà náà. "Níbo lẹ ti rí ìyàwó mi tó ń mu sìgá?"

"Èmi ò rí i, Bàbá. Àyà ẹ̀ ni mo rí. Ẹ jókòó, ẹ fẹ́ tiyín náà."

Kínáwì fẹ́ ẹ. Dókítà wo ẹ̀rọ.

"Ẹ ń fa tábà?"

"Ta ni kì í fà á?"

"Síbẹ̀, tiyín sàn ju tìyàwó yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gbé Kínáwì lọ́kàn sókè. Òun tó ń fa gósà láti kékeré? Kí ni Badríyà wá ń mu tó ju tòun lọ?

Dókítà Nermín ń yí bírò lọ́wọ́. "Bàbá, mo yára sọ̀rọ̀ lánàá. Àmọ́ kì í ṣe ìyàwó yín nìkan. Àwọn ìyá tí àyà wọn rí báyìí ti ń pọ̀, gbogbo wọn ló ń búra pé àwọn ò mọ sìgá rí. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò dá mi lójú mọ́. Èéfín kan ń wọ àyà ìyàwó yín. Ẹ lọ wá ibi tó ti ń wá nínú ilé yín."

Ohun tí Kínáwì gbọ́ ni pé: lọ wá ibi tó ń fi sìgá pa mọ́ sí.

Kò sì síbi tí kò tú láàárín ilé, àfi ilé ààrò. Ọkùnrin kì í sáábà wọ ibẹ̀, èèwọ̀ pátápátá sì ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan búrẹ́dì. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi wú dáadáa, yóò rọlẹ̀ pẹlẹbẹ tí ọkùnrin bá wọlé tọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó dán an wò rí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èyí ló jẹ́ kó dá Kínáwì lójú: níbo ló tún dára láti fi nǹkan pa mọ́ fún ọkùnrin?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ búrẹ́dì, ó ní òun ń lọ sóko. Ó gba ẹ̀yìn ilé padà, ó sì lọ ba sẹ́yìn òkìtì ewé ìrèké gbígbẹ nínú ilé ààrò.

Badríyà gbé ìyẹ̀fun wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn kí ojú ìlara ẹnikẹ́ni má baà bà lé búrẹ́dì, kó sì bà á jẹ́. Ó ki ewé àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ààrò, ó ṣáná sí i. Kínáwì ò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Kò sí sìgá. Badríyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú sí ẹnu ààrò, ó ń fẹ́ iná. Kò sí sìgá síbẹ̀. Èéfín jáde, ó nípọn bí irun àgùntàn, ó gun òkè, ó kan àjà, ó padà wálẹ̀ wá wá èèyàn. Ojú Kínáwì ń ta, ọ̀fun rẹ̀ ń yún un. Ó wo òkè kó lè rí ihò tí èéfín ń gbà jáde.

Ohun tó rí ni bíríkì. Wọ́n mọ́ ju ògiri tó kù lọ, ó sì mọ ọwọ́ tó mọ wọ́n. Lọ́dún tí Ìyá Jábìr kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Hájà Zanúbà ní ojú obìnrin náà ń já lu búrẹ́dì àwọn láti òkè. Kínáwì dí fèrèsé, ó sì dí ihò orí ààrò. Badríyà bi í nígbà náà pé, "Èéfín ńkọ́, níbo ni kó gbà?" Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà." Ìyá rẹ̀ sì ní kí wọ́n máa ti ẹnu ọ̀nà.

Ikọ́ gbé Kínáwì láti ẹ̀yìn òkìtì.

"Olè! Olè o!" Badríyà gbé pátákó tó fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ó sì là á mọ́ ọn léjìká.

"Èmi ni! Ṣílẹ̀kùn!"

"Bàbá Hamdán? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Sìgá ni mo wá wá."

Badríyà ṣílẹ̀kùn. Omi ń dà lójú àwọn méjèèjì. "Ṣé ẹ ti rí i?"

Kínáwì jáde. Ó mú ọkọ́, ó gun òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohun tó dí.

"Kínáwì!" ni ìyá rẹ̀ ń pariwo nísàlẹ̀. "Ojú Ìyá Jábìr!"

Ìyá Jábìr ti yọrí lójú fèrèsé òkè. "Kínáwì, kí lo ń wó? Háà, Ìyá Hamdán! Gbogbo búrẹ́dì yìí, ṣé ọmọ ogun lẹ fẹ́ bọ́ ni?"

Hájà Zanúbà tutọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn rọlẹ̀ pẹlẹbẹ bí awẹ́ bàtà. Hájà ní ọkùnrin tó wọlé ló fà á. Badríyà ní iná tóun fi sílẹ̀ ni. Kínáwì tún gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ó sọ ohun tó rí. Dókítà ní ohun tó ti bàjẹ́ nínú àyà kò ní í padà, ṣùgbọ́n tí èéfín bá rọ́nà lọ, èyí tó kù lè má bàjẹ́ mọ́. Kínáwì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò sì yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n Badríyà dé, ojú wọn le. Wọ́n gbé wàràkàṣì, oyin dúdú ìrèké àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ náà síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

"A gbọ́ pé ẹnìkan ń fún àbúrò wa ní èéfín mu," ni ẹ̀gbọ́n àgbà wí. "Ta ni?"

Láti yàrá kejì, Badríyà wúkọ́.

"Èmi ni," ni Kínáwì wí. "Àbúrò yín ò lọ síbì kankan. Ẹ wá wò ó."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ihò náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n àgbà wo ihò, ó wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ọ́.

"Ojú Ìyá Jábìr ńkọ́?"

Kínáwì gbójú sókè. Kọ́tìnnì òkè mì díẹ̀.

"Mò ń ṣọ́ ọ," ló dáhùn.