Epo Tí Mo Fún Un Mu

Òórùn oògùn tí a fi ń fín kòkó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí n tó rí ọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko ní Àtòsin. Ó fọwọ́ di ikùn mú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ṣèèṣì mu nínú oògùn náà ni, nítorí ike omi ni wọ́n dà á sí.

Ọmọbìnrin mi, tó wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wá lo ìsinmi nílé. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ni mo ti gba fóònù rẹ̀, tí mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Mo ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bàjẹ́, mo sì gbà pé ńṣe ni mò ń dáàbò bò ó. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Àgbà nìkan ló gbọ́n nílé tèmi.

Mo gbé epo pupa jáde, bí ìyá mi ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá jẹ májèlé.

“Màámi, ẹ má fún un. Tó bá bì í, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù mi. Wọ́n ti kọ́ wa ní ibi tó ṣeé gbára lé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti lè wo orúkọ tó wà lára agolo oògùn náà.”

“Nọ́ọ̀sì orí fóònù,” ni mo dá a lóhùn. “Kí fóònù tó dé, ta ló ń wo aráyé sàn?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ jẹ́ n mu ún, àǹtí nọ́ọ̀sì. Epo ò pa bàbá mi.”

Ife kan ààbọ̀ ni mo fún un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi bì í, ó tá a lórí, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ní ọsibítù, dókítà béèrè ẹni tó fún un lépo. Ọmọ mi wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkùnrin náà lò lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì sọ fún mi pé oògùn tó mu kò tó nǹkan. Epo tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló fẹ́ pa á.

Ọmọ mi ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọkùnrin náà ṣì ń wúkọ́, kò lè gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn mọ́. Ọdọọdún ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní epo mi ló dá ẹ̀mí òun sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó síwájú ilé mi, ó ń kìlọ̀ fún àwọn alágbàṣe tuntun pé kí wọ́n má ṣe lọ fín oògùn láìmú ìgò epo dání. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò jáde.