Iṣu Màmá Jẹ́ríkò Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Òórùn girisi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wà lọ́wọ́ mi àti lára aṣọ mi, nítorí iwájú ilé wa ní Bódìjà ni mo ti ń tún tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ṣe, èyí tí a fẹ́ so mọ́ ìdí mọ́tò mi. Orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi bàbá mi máa jókòó sí títí dé Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ onígbòkun ni, kò gùn ju mọ́tò mi lọ. Ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi fi kàn án nínú gáréèjì lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì, ìgbòkun funfun rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rán an. Dókítà ojú ti wá sọ fún wọn pé kí ọdún náà tó parí, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí ọkọ̀ yẹn dé orí ọ̀sà láìfọ́, kí wọ́n tù ú nígbà tí ojú ṣì wà.

O mọ̀ mí, n kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Jórinjórin kan ní Ṣàngó ló bá mi jó irin tí a fi so tírélà mọ́ mọ́tò, ìgbà mẹ́ta ni mo sì ní kó tú u kó tún un jó, torí pé ó wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bojú wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Ọ̀gá ńkọ́, Mà, kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn?” Mo ní èmi ni mo máa wà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Mo fi girisi kún inú bọ́rìn tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi ń yí, mo ra táyà tuntun, mo fi ṣéènì méjì ti irin yẹn lẹ́yìn, mo so òpó ìgbòkun mọ́lẹ̀, mo ta aṣọ pupa mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Mo wà á lọ sí Agbowó, mo wà á padà láti dán an wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pariwo tẹ̀ lé mi pé, “Aunty, which river we dey go?” Tírélà náà ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́, ìyẹn ló kàn mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ ni Màmá Jẹ́ríkò dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n, Jẹ́ríkò ni wọ́n ń gbé, orúkọ yẹn ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ọmọ-ọmọ mi ló bímọ l'Ẹ̀pẹ́ yẹn. Ṣé ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí á wá máa lọ lófìfo?” Kí n tó lanu, dírẹ́bà wọn ti ń kó iṣu sí i, ọgbọ̀n odidi, àti àpò gàrí kan. Ìdí ọkọ̀ ló kó wọn sí, torí ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ tí ọwọ́ tó. Ó wá fi ìgbòkun tí a ká síbẹ̀ wé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan kó má baà yí.

Mo ní, “Màmá, kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù o.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bú. “Ṣé iṣu ló máa wá fọ́ ọkọ̀?”

Mo wo ojú bàbá mi pé kí wọ́n gbà mí. Fìlà ni wọ́n ń tún dé. Màmá gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, wọ́n gbàdúrà ìrìnàjò gígùn gbọọrọ fún wa. Àmín tèmi ló gbẹ̀yìn.

A kọjá Dùgbẹ̀ àti Ring Road, a kọjá Challenge, kò sí wàhálà, torí a ò lè sáré. Ìgbà tí a kọjá Toll Gate tí ọ̀nà là, tí mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ni ìdí tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, ó ń fa ìdí mọ́tò dání. Táńkà kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sórí búrèkì.

Bàbá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́, “Má tẹ búrèkì. Yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù. Di ọwọ́ mú ṣinṣin.”

Mo yọ ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó fara balẹ̀. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ sílẹ̀ lọ sídìí tírélà.

Mo tú tápólì tí a fi bo ọkọ̀. Ọkọ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n ìdérí kẹ́ẹ̀gì ti ṣí, epo sì ti rin ìgbòkun funfun náà gbingbin. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju iṣu sínú koríko.

Bàbá mi ní, “Má jù wọ́n nù. Ìdí ló wúwo jù, òun ló ṣe ń jù. Kó wọn kọjá táyà wá síwájú, kí irin ìsopọ̀ lè rí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ mi. “Dádì, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì ń wò wọ́n?”

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. “Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ mi. Àwọn ló pọ̀n mí.”

Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìwúwo, wọn ò wá lè sọ ọ̀kan fún obìnrin kan ṣoṣo, lórí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Inú oòrùn la ti kó iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú, a sì wà á dé Ṣágámù. Tírélà ò tún jù mọ́.

Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja bá wa ti ọkọ̀ bọ omi. Bàbá mi ta ìgbòkun eléépo náà, atẹ́gùn gbé wọn, wọ́n lọ. Bóyá ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n lò. N kò lè sọ bó ṣe rí fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé mo kọ ẹ̀yìn sí omi, mò ń fi ìbínú tẹ fóònù fún ọmọ-ọmọ Màmá pé kó wá kó iṣu rẹ̀. Ìgbà tí mo yíjú padà, wọ́n ti ń bọ̀ ní èbúté, aṣọ wọn tutù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí ojú náà kò pẹ́ kó tó lọ.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá mi ní àwọn fẹ́ gbọ́ atẹ́gùn ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo máa tukọ̀, kí wọ́n kàn jókòó. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi girisi sí bọ́rìn tírélà. Kò pé ọjọ́ méjì tí Màmá Jẹ́ríkò fi pè mí. “Mo gbọ́ pé ẹ tún ń lọ. Ṣé òfìfo lẹ máa gbé lọ ni?”

Bàbá mi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n dẹ etí sí fóònù.

Mo ní, “Rárá, Mà. Ẹ gbé e wá. Iwájú la máa kó o sí.”