Ihò Mélòó?

Agbẹ̀bí kan wà ní Basila tí kì í béèrè àlàáfíà. "Ihò mélòó?" ni ìkíni tirẹ̀.

Mo sunkún lọ bá a pé mò ń rí ẹ̀jẹ̀ kí àsìkò nǹkan oṣù mi tó tó. Ó gba páálí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mi, ó ka ihò tí oògùn ti jáde, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, o ti fo ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tó fà á nìyẹn. Ibo lò ń tọ́jú ẹ̀ sí?"

"Sáàárín iṣu nílé wa ní Manigri. Bí ìyá ọkọ mi bá ti jókòó síbẹ̀, n ò lè mú un."

Lọ́jọ́ ọjà, agbẹ̀bí yìí rí èmi àti ìyá ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó pariwo: "Ìyàwó, ihò mélòó?"

Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ló dá a lóhùn: "Kò fo ọjọ́ kankan mọ́. Èmi náà ń kà á."