Àsíá Pupa ní Ìdí Dóńgóyárò

Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, ọmọ ọmọ mi. Bí o ṣe ṣí páálí eré ìṣàwárí ilẹ̀ tuntun rẹ yẹn, òórùn ọ̀dà àwọn àsíá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ rí mi lára. O ní, "Kaka, ilẹ̀ tí mo bá ṣàwárí, tí mo ri àsíá mọ́, ó di tèmi." Mo ní ta ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀? O rẹ́rìn-ín: "Babu kowa! Kò sí ẹnìkan."

Òórùn yẹn náà ni mo gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Lamisula, àdúgbò wa, nígbà tí mo kéré. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n kan èèkàn alásíá pupa mọ́ ìdí dóńgóyárò, níbi tí wọ́n sọ fún mi pé ìwọ́ àbúrò mi wà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bo ilẹ̀. "Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un díẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Hajiya, ilẹ̀ lásán nìyí," ó sì tutọ́ síbẹ̀.

Mo rò pé ọ̀dà ló ń ta ìyá mi lójú tó fi ń sunkún. Mo sáré bu omi wá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀.

Pa páálí rẹ dé, ọmọ mi. Ilẹ̀ tí o ní kò sí ẹnìkan níbẹ̀ yẹn, ó ń rí mi lára.